Ìyá Onílé àti Jẹ̀díjẹ̀dí Mi

Ìyá onílé mi ní Inisa kì í rí ènìyàn kó má kí i. Bó bá bá ọ níbi tí o ti ń họra, á ní o kú ara híhọ. Lọ́dún kejì òmìnira, tí mo jáde ní yunifásítì tí mo wá ń ṣe tíṣà nílùú náà, jẹ̀díjẹ̀dí mú mi débi pé n kò lè jókòó.

Ìyá da omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sínú baàfù, ó ní kí n máa jókòó sí i láràárọ̀. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ló dúró sí tó ń ké: "Tíṣà, ẹ kú ìjókòó sómi o!" Gbogbo àdúgbò sì ń bá a gbè é. Ó gba páálí ṣúgà mi, ó ní adùn ló fà á. Lọ́jọ́ kejì mo bá a tó ń dà á sí ògì ara rẹ̀. "Ọ̀tá yín ni mò ń bá yín jẹ run," ló wí.

Bàbá ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́ wá wò mí láti Òkukù. Ó ní kí n jókòó lẹ́ẹ̀mẹta, mo kọ̀. Ó rò pé ìgbéraga ìwé ni. Ojú rẹ̀ le.

"Kí ni ìdí rẹ̀ gan-an?"

Ìyá yọjú. "Ìdí náà ni, bàbá! Ìdí gan-an ló wú!"

Ilẹ̀ kò lanu kí n wọlẹ̀.

Bàbá sún lórí àga láti ẹ̀gbẹ́ ìdí kan sí èkejì, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyá, omi yẹn, báwo ló ṣe ń gbóná tó?"

Bàbá fún mi lọ́mọ rẹ̀ kó tó lọ. N kò tíì dárí ji ìyá náà.