Àpótí Aago Tí Mo Gbé Lọ sí Iléṣà

Òórùn pásípẹ́ẹ̀sì tó ń jó kò tíì kúrò nímú mi títí dòní. Ẹni tí kò bá mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ike kan ni, ó dán bíi gíláàsì, àwọn tó ń ṣe sáìnbọ́ọ̀dù ló máa ń lò ó. Bí ẹ bá ki ìṣó bọ iná, tó pọ́n, tí ẹ fi gún un, á máa rùn bí ìgbà tí èèyàn gbàgbé abọ́ ike sórí ààrò. Ọjọ́ bíi mélòó kan ni ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Ọba ní Òṣogbo fi rùn bẹ́ẹ̀, tí àwọn tó gbé fóònù wá fún àtúnṣe ń bi mí pé kí ló jó. Mo máa ń sọ fún wọn pé kò sóhun tó jó. Nǹkan wà lórí iná o. Ọ̀rọ̀ ìyàwó tí mo fẹ́ fẹ́ ni.

Bàbá ọmọbìnrin náà, ọmọ Iléṣà, ti ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Òṣogbo kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì padà sílé. Ẹ mọ àwọn ará rélùwéè àtijọ́. Ọkọ̀ ojú irin lè má dé mọ́, àwọn ò ní yé wo aago. Ṣùgbọ́n ojú bàbá ti di bàìbàì, wọn ò rí aago ọwọ́ wọn mọ́, ẹnikẹ́ni tó bá kọjá ni wọ́n ń bi pé kí laago wí. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ kí wọn, wọ́n bi mí pé irú iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe. Mo ní mo ń tún fóònù ṣe. Wọ́n ní, "Èyí tí ẹlòmíì ti ṣe lò ń tún ṣe. Èwo lo fọwọ́ ara rẹ ṣe rí?" Mo wo ọwọ́ mi méjèèjì. Wọ́n ní kí n lọ wá èsì náà wá, bí àwọn bá ti rí i, àwọn á sọ bóyá àwọn èèyàn mi lè wá tọrọ ọmọ tàbí kí n jókòó sí Òṣogbo mi.

Ìwé mi ò pọ̀. Fọ́ọ̀mù Tíríì ni èmi àti tíṣà ti pínyà, ohun tí mo sì mọ̀ nípa iná, ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ àti fídíò orí fóònù ló kọ́ mi. Mo pinnu pé aago ni màá ṣe fún bàbá. Mo to iná pupa wẹ́wẹ́ pọ̀ di nọ́ńbà tó ga tó àtẹ́lẹwọ́ mi, kí wọ́n lè máa rí i láti orí àga wọn. Ìyẹn ò yọ mí lẹ́nu. Àpótí tó máa wọ̀ ló fojú mi rí màbo. Òyìnbó inú fídíò kàn gbé pákó sórí tábìlì, ẹ̀rọ kan gé e, ẹ̀rọ mìíràn gé pásípẹ́ẹ̀sì, ó da méjèèjì pọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo ní, ṣé èyí náà ni.

Mo ra pásípẹ́ẹ̀sì dúdú fẹ́ẹ́rẹ́, irú tó dà bíi gíláàsì ọkọ̀ olówó, lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣe sáìnbọ́ọ̀dù. Ó ní kí n má kan ìṣó mọ́ ọn. Mo kan ìṣó mọ́ ọn. Ó là láti òkè dé ilẹ̀. Mo padà lọ ra òmíràn, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo sọ̀rọ̀ àbí mi ò sọ̀rọ̀?" Mo ní ó sọ̀rọ̀. Èyí ni mo fi ìṣó gbígbóná gún. Ihò náà wọ́, ṣùgbọ́n ihò ni. Nígbà tí mo wá bó bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀, gọ́ọ̀mù kù síbẹ̀, mo sì fi bẹntiróòlù nù ún. Kí n tó ṣẹ́jú, gbogbo rẹ̀ ti funfun bí ojú ẹja tí wọ́n sè. Mo jókòó tì í, mo ń wò ó, mi ò rí ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tí mo lọ ra ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀rẹ́ mi gbowó lọ́wọ́ mi. Ó kàn mú dírìlì, ó lu ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fúnra rẹ̀, ó ní kí n máa lọ.

Ó wá ku pákó. Káfíńtà tí mo gbé iṣẹ́ fún, ẹ̀yìn ilé ìwòsàn kan ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Ẹni tó bá lọ́gbọ́n ì bá ti rò ó pé káfíńtà tó lọ jókòó sẹ́yìn ilé ìwòsàn, kì í ṣe àga ló ń kàn níbẹ̀. Èmi ń wo bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe mọ́. Mo ní kó bá mi kan àpótí tó gùn tó apá mi, kó fi àyè sílẹ̀ lójú rẹ̀ fún pásípẹ́ẹ̀sì. Ọjọ́ tí mo lọ gbé e, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọn. Fáníìsì ń dán. Ó gbẹ́ òdòdó sí etí rẹ̀ yíká. Ó kan ọwọ́ góòlù méjì méjì mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ní, "Kẹ́ ẹ lè ríbi gbé e." Ó sì fi aṣọ funfun tó ń dán tẹ́ inú rẹ̀, ó ní èènì ni. Mo rò pé kí wáyà má baà fara kan pákó ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an.

Nínú takisí tó ń lọ sí Iléṣà, mo gbé àpótí náà lé itan. Ọkùnrin tó jókòó tì mí sún, ó tún sún, títí ìdajì ìdí rẹ̀ fi wà lórí ẹni kejì. Mo rò pé ó ń bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ ọwọ́ ni. Ìyá kan tó wà níwájú yíjú padà, wọ́n wo àpótí, wọ́n wo ojú mi. Wọ́n ní, "Ẹ kú ìrọ́jú o. Olúwa á fi òmíràn rọ́pò." Mo rò pé wàhálà tí mo ti rí lórí àpótí náà ló hàn lójú mi. Mo ní, "Ẹ ṣeun, mà. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta nìyí. Méjì àkọ́kọ́, ọwọ́ mi náà ni wọ́n bàjẹ́ sí." Ìyá náà káwọ́ lérí. Awakọ̀ pa rédíò títí a fi dé Iléṣà.

Àbúrò bàbá tó jẹ́ obìnrin, tí wọ́n wá kí wọn láti Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Mi ò tíì dọ̀bálẹ̀ tán tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ ní Ìjẹ̀ṣà, èdè tó jẹ́ pé mo máa ń gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ rédíò tí bátìrì rẹ̀ ń kú lọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló yé mi níbẹ̀: pósí. Mo wo ohun tí mo gbé dání. Ọwọ́ góòlù. Aṣọ funfun. Òdòdó létí. Mo ti ń gbé e kiri láti àárọ̀, ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i.

Wọ́n wá yí i sí Yorùbá tó máa yé mi. "Ta ló kú nílé yìí? Àbí ẹ̀gbọ́n mi lo wá wọ̀n?"

Mo ní, "Aago ni, mà." Ìyẹn ló wá ba ọ̀rọ̀ jẹ́ pátápátá.

"O gbé pósí wá, o tún fi aago sí i, kí wọ́n lè mọ ìgbà tí wọ́n máa wọlé?"

Ọmọbìnrin tí mo torí rẹ̀ wá yọjú láti kíṣìnnì, ó wò mí, ó wo àpótí, ó padà sínú kíṣìnnì. Mo mọ̀ pé ó ti bàjẹ́.

Bàbá ní kí wọ́n gbé nǹkan náà súnmọ́ àwọn. Wọ́n fọwọ́ pa pákó rẹ̀ láti igun dé igun, wọ́n di ọwọ́ góòlù kan mú, wọ́n gbé e sókè díẹ̀ bí ẹni ń wo bí ẹrù ṣe wúwo tó. Wọ́n ní, "Tan iná rẹ̀." Ọlọ́run ṣe é, iná wà, aago méjìlá ọ̀sán sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù. Nọ́ńbà pupa yọ nínú dúdú. Bàbá gbé orí sókè lórí àga wọn, wọ́n sì ka aago náà fúnra wọn, ẹnikẹ́ni ò bá wọn kà á. Wọ́n dúró títí rédíò fi sọ iye tí aago lù, kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

"Ó fi ìṣẹ́jú mẹ́rin yá."

"Ẹ má bínú, sà."

Àbúrò wọn ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ fẹ́ gba nǹkan yìí wọlé ni?"

"Kí ló dé? Bí mo bá kú, ṣé àna ò ní dá sí ìnáwó mi ni? Èyí ti gbé tirẹ̀ wá kí orí tó fọ́ mi. Àwọn ọkọ ọmọ rẹ, èwo nínú wọn ló tètè dé rí?" Wọ́n kọjú sí mi. "Yọ ọwọ́ góòlù yẹn kúrò, kó má dà bíi pé wọ́n fẹ́ gbé mi. Kí àwọn èèyàn rẹ máa bọ̀."

Mo fẹ́ yí ìṣẹ́jú mẹ́rin náà padà kí ọkàn wọn tó yí padà. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé inú àpótí ni bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń yí aago náà wà. Àwọn àgbà ní a kì í mọ̀ ọ́n gún, mọ̀ ọ́n tẹ̀, kí iyán ewùrà má lẹ́mọ. Mo tú gbogbo síkúrúù, mo yí i, mo dí i padà. Bí mo ṣe ní kí n nà, iná lọ. Nígbà tó dé, aago bẹ̀rẹ̀ láti méjìlá. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí àbúrò bàbá rẹ́rìn-ín.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. Ọmọbìnrin yẹn ti di ìyá àwọn ọmọ mi. Ẹni tó bá mọ bí iná ṣe ń ṣe ní Iléṣà á mọ ohun tí mo fà sórí ara mi. Bàbá ò jẹ́ kí ẹlòmíì tú àpótí náà. Wọ́n á pè mí lórí fóònù, wọ́n á ní, "Aago ti kú o," wọ́n á sì gé e kí n tó wí àwáwí. Màá ti ṣọ́ọ̀bù, màá wọ takisí. Àwọn oníbàárà mi ti rò pé mo ní ilé kejì lọ́nà Iléṣà.

Lọ́dún tó kọjá, ó sú mi. Mo ra bátìrì kékeré tó máa gbé aago náà ró bí iná bá lọ, mo gbé e lọ, mo ṣàlàyé. Bàbá fọwọ́ kàn án, wọ́n dá a padà fún mi.

"Bó bá ń tún ara rẹ̀ ṣe, kí lá máa gbé ọ wá?"

Mo ní mo lè máa wá kí wọn láìsí ọ̀rọ̀ aago.

Wọ́n ní, "Ohun tí àwọn ọmọ mi tó wà l'Ékòó náà sọ nìyẹn."

Mo fi bátìrì sápò. Ó ṣì ń rẹ̀ mí o, mi ò ní purọ́, ọ̀nà náà ò sì tíì dáa. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá dé ọ̀hún, mi ò kánjú tú síkúrúù mọ́.