Aṣọ Oyin Tuntun Tí A Ń Tọ́jú

Aṣọ ni iṣẹ́ mi. Ẹ fi aṣọ lé mi lọ́wọ́, kí n nà án sí ojú fèrèsé, màá sọ ibi tó ti máa ya fún yín kó tó ya. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní àwáwí kankan nínú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí. Ẹlòmíì lè ní òun ò mọ̀. Èmi mọ̀.

Ọdún tí àwọn ológun gbé ìjọba fún alágbádá ni èmi àti ọkọ mi kó láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Port Harcourt. Ó ríṣẹ́ wẹ́dà ní Trans-Amadi, èmi gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Rumuokwuta, mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi kalẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ wọn dá a dúró. Ó jókòó sílé fún oṣù mélòó kan, ó ń tún ẹsẹ̀ àga tí kò mì ṣe. Ọkùnrin tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ a máa rí ẹ̀bi ìyàwó rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí náà inú mi dùn nígbà tó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń sin oyin ní Oyigbo. Ó gba ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn oko ẹ̀gẹ́ obìnrin kan níbẹ̀, ó to ilé oyin mẹ́fà sí i.

Èmi ni mo rán aṣọ oyin rẹ̀ àkọ́kọ́. Kọ́fárọ́ọ̀lù òkìríkà kan, ẹ̀wù àti ṣòkòtò tó so pọ̀, ni mo fi ṣe é. Mo fi rọ́bà sí ọrùn ọwọ́ àti ọrùn ẹsẹ̀, mo fi síìpù so fìlà tó ní àwọ̀n lójú mọ́ ọrùn rẹ̀. Fún bí ọdún mẹ́ta, oyin tó ń ríbi ta á kì í ju ọ̀kan tàbí méjì lọ. Ibẹ̀ á wú díẹ̀, á sì lọlẹ̀. Ó máa ń fi yangàn pé, "Oró wọn ti mọ́ mi lára."

Aṣọ kì í gbó lójijì. Orókún ló kọ́kọ́ fẹ́lẹ́, torí orí ìkúnlẹ̀ ló ti máa ń yẹ ilé oyin wò. Lẹ́yìn náà rọ́bà ọrùn ọwọ́ dẹ̀. Àwọ̀n ojú ya, mo fi òwú dí i. Eyín síìpù jábọ́ lábẹ́ àgbọ̀n, ó ń fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́. Gbogbo ìgbà tó bá gbé e wá ni mò ń lẹ̀ ẹ́, àbùlẹ̀ mi kì í sì í hàn. Ṣùgbọ́n àbùlẹ̀ tó lágbára lára aṣọ tó ti fẹ́lẹ́, ṣe ló máa ń fa ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ ya. Oníbàárà tí mo ti sọ èyí fún kò lóǹkà. Mi ò sọ ọ́ fún ọkọ mi. Lónìí, bí olóyin bá gbé irú aṣọ bẹ́ẹ̀ wá bá mi, mi ò ní fọwọ́ kàn án. Màá ní kó lọ rán tuntun, bó bá fẹ́ kó bínú.

Ara rẹ̀ náà ń sọ tiẹ̀. Lọ́jọ́ kan, oyin mẹ́rin ta á lórókún, kì í sì í ṣe orókún nìkan ló wú. Ara rẹ̀ sú látòkè délẹ̀, ètè rẹ̀ wú, mímí wá ń ni ín lára. Dókítà tó fún un lábẹ́rẹ́ ṣàlàyé pé ara tó ti ń gba oró oyin láti ọdún pípẹ́ lè ṣàdédé kọ̀ ọ́. Ó ní nínú kó fi oyin sílẹ̀ àti kó wọ aṣọ tí oró kò lè là kọjá, kó mú ọ̀kan.

Mo fi ọ̀sẹ̀ méjì rán tuntun. Aṣọ funfun, ìpele mẹ́ta, àwọ̀n tó nípọn láàárín kí oró má baà kan ara, síìpù onírin, ìbọ̀wọ́ awọ tó dé ìgbọ̀nwọ́. Ó wọ̀ ọ́ ní pálọ̀, ó ń yí po. Mo ní ó jọ ìyàwó tuntun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe tọ́ àwa méjèèjì. Nílé wa, ìmúròde ni aṣọ tuntun. Ìgbà tó bá ṣá ló ń di ìyílé, ìgbà tó bá gbó ló ń di aṣọ oko. Ọmọ tó bá wọ aṣọ tuntun lọ sóko á jẹgba. Nígbà tí ìyá mi kú, a bá aṣọ mẹ́ta nínú ẹrù rẹ̀ tí kò kan ara rẹ̀ rí.

Nítorí náà, kò yà mí lẹ́nu nígbà tí ọkọ mi ní, "Èyí ti dáa jù fún ẹ̀fin àti ìda. Jẹ́ ká tọ́jú ẹ̀. Bí àwọn ẹgbẹ́ olóyin wa bá ń bọ̀ wá wo oko, màá wọ̀ ọ́ kí wọ́n rí iṣẹ́ ọwọ́ ẹ."

Orí mi wú. Mi ò tíì gbàgbé ọ̀rọ̀ dókítà o, ṣùgbọ́n ìyìn dùn létí mi jù ú lọ. Mo ní, "Ẹ ṣáà máa ṣọ́ra." Mo ká a, mo fi kánfọ̀ sí i, mo tì í mọ́ inú àpótí. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló wọ̀ ọ́, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni wọ́n ya fọ́tò.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, ó ń múra láti lọ gé afárá, síìpù àtijọ́ já pátápátá. Kọ́kọ́rọ́ àpótí wà lápò mi. Ó wá sí mi lọ́kàn pé kí n yọ tuntun fún un. Àmọ́ òjò ti rọ̀ lánàá, ẹrẹ̀ á wà lóko, mo sì ro bí mo ṣe máa fọ aṣọ funfun yẹn. Mo ní kó wọ ti àtijọ́, kó dúró. Mo mú abẹ́rẹ́, mo rán ọrùn aṣọ náà pa mọ́ ọn lára.

Ó ní, "Wọ́n ní kò dáa kí wọ́n máa ránṣọ mọ́ èèyàn lára o."

Mo ní, "Ẹ dákẹ́, kí abẹ́rẹ́ má gún yín." Òwú méjì ni mo fi rán an kó má baà já. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wọ̀ ọ́ lọ sóko.

Ó kù díẹ̀ kí ọ̀sán pọ́n nígbà tí obìnrin olóko ẹ̀gẹ́ yẹn pè mí. "Madam, abeg come now-now. Bee don enter oga cloth, e no fit remove am."

Ẹ̀gbẹ́ àbùlẹ̀ orókún ló ya. Oyin gba ibẹ̀ wọlé, wọ́n gòkè lọ sí ojú rẹ̀, àwọ̀n sì há wọn mọ́ ọn. Obìnrin náà sọ pé ó ń sáré, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì fa ọrùn aṣọ, òwú kò já. Ọ̀bẹ tó fi ń bẹ ẹ̀gẹ́ ló fi gé òwú náà kí wọ́n tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ó ti kú kí n tó dé. Dókítà ibẹ̀, ọ̀dọ́mọbìnrin kan, gbé ìwé lé orókún, ó fi sùúrù bi mí bóyá ọkọ mi kò ní aṣọ gidi tí wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ yẹn ni. Mo wo ilẹ̀. Mo ní kò ní. Ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.