Fọláwẹwọ́ àti Ọ̀rọ̀ Látìnì Rẹ̀ Kan Ṣoṣo

Ọdún méjì péré ni Fọláwẹwọ́ lò ní ilé ẹ̀kọ́ gíga l'Ékòó kí wọ́n tó lé e, ọ̀rọ̀ Látìnì kan ṣoṣo ló sì mú bọ̀ wá sí Ọ̀tà: ager. Oko ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má wulẹ̀ dárúkọ oko níwájú rẹ̀ o! Yóò wúkọ́, yóò ní bí oko bá ń ṣe nǹkan, ager ni. Bí a bá ń ṣe nǹkan sí oko, agrum ni. Bí nǹkan bá jẹ́ ti oko, agri ni. Yóò ní àwọn Gíríìkì náà ní irú rẹ̀, pé láti ara dída ẹran lọ sí pápá ló ti ṣẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò gbin ilá rí láyé. Àgbá òfìfo!

Ní ọdún 1934, òun náà ló ń bá àwọn ará ìlú kọ̀wé sí ìjọba. Opó kan, Mùíbátù, wá bá a. Ògúndèyí tí oko wọn jọ pààlà ti fa pèrègún ààlà tu, ó ń kọ ebè bọ̀ lórí ilẹ̀ ìyá náà. Oko yẹn nìkan ló ń bọ́ ọ. Ajẹ́lẹ̀ sì ti ní kí ẹni tó bá ní ẹjọ́ ilẹ̀ kọ̀wé kí oṣù tó parí.

"Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ pé pèrègún méje ni bàbá mi gbìn. Ojú Fàlílù àti Jìbírílù ló ṣe é."

"Ìyá, òyìnbó kì í ka ọ̀rọ̀ pèrègún. Bó bá rí Látìnì, á mọ̀ pé ọ̀mọ̀wé ló ń bá òun sọ̀rọ̀."

Ojú ìwé méjì ló kọ. Ager, agrum, agri, Gíríìkì, ẹran dídà, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Pèrègún kò sí, ẹlẹ́rìí kò sí. Ògúndèyí gan-an kò sí níbẹ̀! Irú òmùgọ̀ wo ló ń pẹjọ́ láì dárúkọ ẹni tó ń pè lẹ́jọ́?

Oṣù ti parí kí èsì tó dé. Fọláwẹwọ́ pe èrò jọ, ó kà á sókè: Ajẹ́lẹ̀ dúpẹ́ fún àlàyé lórí ọ̀rọ̀ Látìnì, kò rí ohun tí obìnrin náà ń béèrè, ọ̀rọ̀ ti parí.

"Ẹ ò gbọ́ bí òyìnbó ṣe yìn mí!"

"Akọ̀wé, oko mi ńkọ́?"

"Ìyá, ẹ má dójú tì mí láwùjọ."

Mùíbátù mú ọkọ́ rẹ̀, ó lọ bẹ Ògúndèyí pé kó gba òun síṣẹ́, kí òun máa bá a ro ilẹ̀ bàbá òun.