Igi Àgbọn Tí Kì í Ṣe Tèmi

Òyìnbó ṣì ni ajẹ́lẹ̀ wa nígbà tí mò ń sọ yìí, omi ọ̀sà sì ṣì jìnnà sí ilé. Ẹ̀yin tí ẹ ń pè mí ní akọni nítorí ọ̀rọ̀ igi àgbọn, ẹ jókòó kí n sọ bó ṣe jẹ́.

Ìlú kékeré ni tiwa, nítòsí Ajido. Àwọn igi àgbọn ló di iyanrìn etí ọ̀sà mú. Kò sẹ́ni tó ń sanwó fún wa. Ní gbogbo Sátidé, ẹni tó bá fẹ́ yóò lọ gbin èhù àgbọn, yóò fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣọgbà yí i ká. Ìdí igi tirẹ̀ ni a sì ń sin ìwọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan sí. Ẹni tó bá gé igi rẹ, ìwọ gan-an ló gé.

Ajẹ́lẹ̀ wá ní òun yóò gé gbogbo rẹ̀, kí òun kọ́ ilé ìsinmi fún àwọn òyìnbó síbẹ̀. Ìyá Sènámì tó ń yan ẹja tà ni olórí àwa agbingi. Ó pè wá jọ.

"Lọ́la, kálukú sí ìdí igi rẹ̀. Ẹ má mú àdá lọ́wọ́ o! Ẹni tó bá mú àdá ti fún wọn ní ẹjọ́ tí wọ́n ń wá. Igi tí èèyàn bá wà nídìí rẹ̀, wọn ò ní gbójú gé e."

"Bí wọ́n bá yìnbọn ńkọ́, Ìyá?" Èmi ni mo béèrè.

"Ìwọ? Kí ìbọn tó dún, o ó ti dé Àjàṣẹ́!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo ti ń ro ibi tí n ó sá sí.

Ẹ wá gbọ́ ọgbọ́n ojo. Igi tèmi wà lẹ́bàá èbúté, ọkọ̀ ojú omi ni ajẹ́lẹ̀ sì máa ń gbé wá. Mo fi igi mi sílẹ̀, mo lọ fara ti igi ọmọ bàbá mi kan tó ti ṣí lọ sí Àjàṣẹ́, ní ìkángun kejì lọ́hùn-ún, létí títì. Igbó wà lẹ́yìn rẹ̀ tí mo lè sá sí.

Lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n gbé wá. Títì ni wọ́n gbà. Iwájú mi gan-an ni wọ́n dúró sí. Wọ́n ní ìbẹ̀rù ejò ni kì í jẹ́ ká tẹ ọmọ ejò mọ́lẹ̀. Ìbẹ̀rù ló gbé èmi lọ tẹ ìyá ejò mọ́lẹ̀.

Ọlọ́pàá sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú kóndó, àwọn agégi gbé àáké tẹ̀ lé wọn. Ògbufọ̀ nawọ́ sí mi.

"Ìwọ, dìde!"

"Mi ò lè dìde, sà." Òótọ́ ni. Ẹsẹ̀ méjèèjì ti kú.

"Ṣé igi rẹ nìyí?"

Ká ní mo ní rárá, wọn ìbá ní kí n máa lọ. Mo bojú wẹ̀yìn: gbogbo ìlú nídìí igi, ojú wọn lára mi.

"Igi mi ni."

Ọlọ́pàá kan gbé kóndó sókè. Ni Ìyá Sènámì bá sáré kúrò nídìí igi tirẹ̀, ó kó sáàárín wa.

"Èmi ni mo kó wọn jọ! Ẹ fọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀, èmi ni kí ẹ mú!"

Wọ́n mú un. Àwọn agégi wá ń rìn lọ láti ìdí igi kan dé èkejì. Ajẹ́lẹ̀ ò fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ta sílẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti bá èèyàn, wọ́n á kọjá. Igi méjì péré tí wọn ò bá ẹnì kan nídìí rẹ̀ ni wọ́n gé: ti Ìyá Sènámì, àti tèmi. Mo gbọ́ nígbà tí tèmi wó.

Ibòmíràn ni wọ́n padà kọ́ ilé ìsinmi náà sí. Ìyá gbé ikọ́ bọ̀ láti àtìmọ́lé. Mo lọ dọ̀bálẹ̀ kí i. Ohun kan ṣoṣo ló bi mí: "Ta ló wà nídìí igi rẹ?" Ọmọ bàbá mi dé láti Àjàṣẹ́, ó já àgbọn fún mi, ó ní mo ṣeun tí mo gba igi òun là. Mo mu ún, kò dùn.

Àwọn igi yòókù ṣì dúró. Àlàfo méjì yẹn ni omi ń gbà wọlé lójò. Ó ti gbé àgọ́ tí Ìyá ti ń yan ẹja lọ. Títí dòní, mo ń gbin èhù síbẹ̀ ní gbogbo Sátidé, omi ń hú u. Ẹni tó bá tún fẹ́ pè mí ní akọni, kó mú èhù kan dání bọ̀.