Ìbọn Tó Jókòó Sínú Oòrùn

Daddy ni mo máa ń pe ọkùnrin náà lójú ayé, torí ó jù mí lọ, òun ló sì háyà ilẹ̀ ìdílé wọn ní Ìkòsì fún mi. Nínú ọkàn mi, mi ò fẹ́ rí i sójú. Orí ilẹ̀ náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ti ń wá fi ìbọn ìṣeré dọdẹ ara wọn ní Sátidé, ìbọn tó ń fi gáàsì ti ọta ike wẹ́wẹ́ jáde. Lẹ́nu ọ̀nà ni mo máa ń jókòó sí, ti ẹ̀rọ tó ń wọn bí ọta ṣe ń yára tó. Ìbọn tí ọta rẹ̀ bá yára jù ò gbọdọ̀ wọlé. Mo máa ń kìlọ̀ fún wọn títí ẹnu á fi máa ro mí, síbẹ̀ àwọn òpònú kan á ṣí gọ́gùlù tó ń dáàbò bo ojú láàárín eré kí wọ́n lè nu òógùn. Ojú kì í ṣe ohun tí èèyàn ń rí rà ní Mile 12.

Ní Sátidé kan, Daddy náà gbé ìbọn tirẹ̀ wá. Mo wọ̀n ọ́n láàárọ̀, kò sí wàhálà. Nígbà tí a sinmi, ó fi í sínú mọ́tò nínú oòrùn, ó lọ jẹun. Ìbọn náà gbóná bí ìdí ìkòkò nígbà tó padà gbé e. Gáàsì tó bá gbóná á túbọ̀ fi agbára ti ọta jáde, ni mo bá ní ká tún un wọ̀n.

Ó rẹ́rìn-ín. “Ìbọn tó jókòó sínú mọ́tò, báwo ló ṣe fẹ́ yára sí i?”

Ó yìn ín níwájú ẹ̀rọ láti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọta náà yára kọjá ààlà. Mo ní kó gbé e sí ibòji kó tutù, ká tún un wọ̀n. Tí kò bá wálẹ̀, ó di ọjọ́ mìíràn. Ó bi mí bóyá ilẹ̀ bàbá mi nìyẹn, ó sì kọjú sí pápá.

Inú bí mi. Mo dúró síwájú rẹ̀.

“Daddy, ẹ la àtẹ́lẹwọ́ yín. Tí ò bá yára, ẹ yìn ín síbẹ̀.”

Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Ó pa á dé, ó tì í bọ àpò, ó ní wọn ò kọ́ mi nílé, ó wọ mọ́tò rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ Ajé, mo bá àgádágodo tuntun tó fi ti géètì ilẹ̀ náà. Àwọn ẹbí mi ní kí n lọ dọ̀bálẹ̀ fún un. Mi ò lọ, mi ò sì ní lọ. Gbogbo àwọn tó wá ṣeré ní Sátidé yẹn ló fi ojú méjèèjì wo ọ̀nà ilé wọn.