Ìyá Tó Sìn Wá Kúrò ní Ahoro

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí, èmi gan-an ni mo wà nídìí ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Mi ò mu ọtí. Ìjọ aláṣọ funfun ni mò ń lọ, ṣùgbọ́n mi ò sí lára àwọn tó ń ríran. Wọ́n pọ̀ dáadáa ní ìjọ wa, èmi kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé ẹ lè gbà á lẹ́nu mi.

Dẹ́rẹ́bà ni mí ní ilé àlejò kan ní Mọ́níyà. Àwọn tó wá ṣe ìwádìí àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ló ń sùn níbẹ̀. Bó bá di Sátidé, wọ́n á ní kí n gbé àwọn kiri: ọgbà igi, ọgbà ẹranko, ilé tí wọ́n kó nǹkan àtijọ́ sí, orí òkè tí èèyàn ti lè wo páànù Ìbàdàn tó ti dípẹtà lọ súà. Mo ti gun òkè yẹn débi pé orúnkún mi kórìíra rẹ̀.

Àlejò tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, obìnrin olùkọ́ yunifásítì ni, láti Èkìtì. Ó kéré sí àkọ́bí mi. Dókítà ni mò ń pè é, òun sì ń pè mí ní Bàbá. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni. Ìkúnlẹ̀ ló fi ń kí ìyá tó ń dáná fún wa. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí òun ló fa gbogbo rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, a ti lọ sí ọgbà méjì. Ó wo igi, ó wo ọ̀bọ, ó ya fọ́tò. Nígbà tí a jáde, ó mí kanlẹ̀.

"Bàbá, gbogbo ibi ló ní géètì. Ṣé kò síbi tí àwọn èèyàn kàn gbé rí, tí ẹnikẹ́ni ò tíì kùn lọ́dà?"

Mo mọ ibì kan. Ahoro kan wà lọ́nà oko lẹ́yìn Ìyànà Ọ̀fà. Nígbà tí wọ́n la títì, àwọn ará ibẹ̀ kó bọ́ sétí títì lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi ògiri sílẹ̀ fún òjò. Mo sọ fún Dókítà pé bàbá mi máa ń ní kí a pa ẹnu mọ́ tí a bá dé ibẹ̀, pé a kì í pariwo ní ahoro. Ó ní òun kì í ṣe aláriwo. Òótọ́ sì ni. Àmọ́ ta ló ń ka ìkíni sí ariwo?

Ọ̀sán gangan ni a débẹ̀. Oòrùn mú. Ilé kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù kò ní òrùlé, ewé ti hù jáde lójú fèrèsé rẹ̀. Dókítà dé ẹnu ọ̀nà, ó bọ́ bàtà, ó tẹ̀ díẹ̀.

"Ẹ kúulé o."

Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Ọmọ tó gbẹ̀kọ́ kì í wọlé onílé láìkí i.

"Ẹ káàbọ̀ o," ni ẹnì kan dáhùn láti inú.

Ẹ gbà mí gbọ́, ẹ̀rù ò bà mí rárá. Mo rò pé ará oko kan ló ń sinmi níbẹ̀ ni. A wọlé, a bá ìyá àgbàlagbà kan lórí àpótí, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí sínú àwo. Aṣọ àdìrẹ tó ti ṣá ni wọ́n ró. Dókítà kúnlẹ̀, èmi náà tẹrí ba. Wọ́n béèrè ibi tí a ti ń bọ̀, wọ́n béèrè bí ọ̀nà ṣe rí, irú ọ̀rọ̀ tí gbogbo àgbà máa ń bá àlejò sọ. Wọ́n wá wo ikùn Dókítà.

"A ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ."

"Àmín, mà," ni Dókítà wí. Ikùn rẹ̀ pẹlẹbẹ ni. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé oyún ọ̀hún ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró ni, lẹ́yìn tí òun ti wá a títí tó ti fẹ́ sú òun, pé ọkọ òun nìkan ló mọ̀.

Ìgbà yẹn ni mo wolẹ̀. Oòrùn kún gbogbo yàrá náà, ó ń ta mí lórí. Ṣùgbọ́n inú ibòòji ni ìyá yìí jókòó sí. Ibòòji òrùlé ni, etí rẹ̀ gún régé, ó bò wọ́n dáadáa. Mo gbójú sókè. Ojú ọ̀run ni mo rí.

"Dókítà, ẹ jẹ́ ká máa lọ," mo sọ ọ́ kẹ́lẹ́.

Ó dágbére bó ṣe yẹ. Ìyá náà gbé àwo sílẹ̀, wọ́n dìde.

"Ẹ jẹ́ kí n sìn yín díẹ̀."

Ẹ mọ àṣà wa. Onílé á sin àlejò sọ́nà, wọ́n á jọ rìn díẹ̀, àlejò á wá ní, "Ó tó, ẹ padà." Bí àlejò ò bá sọ ọ́, onílé á máa bá a lọ ni, kó má baà dà bíi pé àlejò ti sú u. Èmi ti gba iwájú lọ ṣí ọkọ̀. Sáàmù ni mò ń kà. Mò ń gbọ́ àwọn méjèèjì lẹ́yìn mi tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Dókítà wọ ẹ̀yìn ọkọ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Mo wo gíláàsì tí mo fi ń wẹ̀yìn. Kò sí ẹnì kankan lójú ọ̀nà.

"Ṣé ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n padà?"

"Èmi kẹ̀, Bàbá? Ẹ̀yin lẹ dàgbà. Báwo ni màá ṣe máa lé ìyá àgbà padà?"

Mo wa ọkọ̀.

Nígbà tí a dé Ìyànà Ọ̀fà, ó ní òun fẹ́ jẹ àgbàdo sísè. Obìnrin tó ń tà á di tiwa fún wa, ó tún ṣa ọ̀kan tó rọ̀, ó nà án wọlé láti ojú fèrèsé ẹ̀yìn. Ó nà án kọjá Dókítà, sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

"Ènì tiyín rèé, Màmá. Ó rọ̀, eyín yín á ká a."

Àgbàdo náà bọ́ sórí ìjókòó. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó bá oníbàárà mìíràn lọ. Dókítà ò jẹ àgbàdo mọ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ikùn rẹ̀ títí a fi dé Mọ́níyà.

Ó padà sí Èkìtì lọ́jọ́ kejì. Mo gbé ọkọ̀ lọ bá wòlíì wa, ó gbàdúrà sí i, ó wọ́n omi sí i. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, ẹni tó wà nínú rẹ̀ ti sọ̀. Mi ò béèrè ibi tó sọ̀ sí.

Dókítà bímọ láyọ̀, obìnrin ni. A gbọ́ ohùn ìyá, a gbọ́ ohùn ọmọ. Inú mi dùn, mi ò ní í purọ́. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló tún pè mí lórí fóònù, ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ kí ará yàrá gbọ́.

"Bàbá, ìyá àgbà yẹn ò yọ wá lẹ́nu o. Wọ́n kàn máa ń jókòó ti ọmọ ni. Tó bá ti di ọ̀sán, ibòòji yẹn á wà lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Mo sún bẹ́ẹ̀dì náà títí, ó ń tẹ̀ lé e."

"Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n padà."

"Mo ti sọ ọ́. Ìkúnlẹ̀ ni mo fi sọ ọ́."

"Kí ni wọ́n wí?"

Ó rẹ ohùn sílẹ̀ sí i.

"Wọ́n ní ọ̀nà ti jìn jù, àwọn ò mọ̀ ọ́n mọ́. Wọ́n ní kí n wá sin àwọn padà. Wọ́n ní kí n gbé ọmọ dání, kó lè mọ ilé."

Ó ti gba yàrá lọ́dọ̀ wa. Sátidé tó ń bọ̀ ni. Èmi ni mo mọ ọ̀nà, ó sì bẹ̀ mí, mo ní ó dáa nítorí ọmọ yẹn. Ẹ̀rù ń bà mí báyìí. Bí a bá sin ìyá yìí délé, onílé ni wọ́n, wọ́n á ní kí àwọn sìn wá padà. Lọ́tẹ̀ yìí èmi fúnra mi ni màá sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà pé ó tó. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí ọmọ dúró ti àwọn díẹ̀ ńkọ́?

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn àtimáa wo ibi àtijọ́ kiri, ẹ wo igi, ẹ wo ọ̀bọ, ẹ fara mọ́ géètì. Bí ẹ bá ṣèèṣì dé ilé tí kò ní òrùlé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìwà ọmọlúàbí yín sílẹ̀ nínú ọkọ̀.