Yàrá Kejìlá Ilé Àjíṣọlá

Ní àdúgbò tí Moses Bíríkìlà ń gbé ní Agége, kò sí ọmọdé tí kò mọ orúkọ tó wà lára ilé Àjíṣọlá. Orúkọ Moses fúnra rẹ̀ ni. Lọ́dún 1989, nígbà tí sìmẹ́ńtì ṣì tutù lára ògiri iwájú ilé, ló fi ìṣó kọ ọ́ sábẹ́ fèrèsé àkọ́kọ́: MOSES BÍRÍKÌLÀ, 1989. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni nígbà náà. Láti ọjọ́ yẹn, bí òun àti ìdílé rẹ̀ bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà, iwájú ilé yẹn ni wọ́n máa ń gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà ẹ̀yìn yá jù ú lọ dáadáa. Damaris ìyàwó rẹ̀ mọ ìdí, ó sì ń bá a gba ibẹ̀. Ọkùnrin tí kò mutí, tí kò sì lé obìnrin, bó bá fẹ́ fi ògiri kan yangàn, ẹ jẹ́ kó yangàn.

Ilé náà tó ohun tí èèyàn ń fi yangàn. Àgbẹ̀ olóbì kan tó ń jẹ́ Àjíṣọlá ló kọ́ ọ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, nígbà tí oko obì ṣì kún Agége, tí rélùwéè ń kó obì náà lọ sí òkè Ọya. Yàrá méjìlá ló ní, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gba àárín wọn, amọ̀ sì ni ògiri rẹ̀ látòkè délẹ̀. Nígbà tó máa fi di 1989, ilé búlọ́ọ̀kù ti yí i ká, ojú wá ń ti àwọn ọmọ ilé pé inú amọ̀ làwọn ń gbé. Alhaji Sànyà tó jẹ́ olórí ẹbí nígbà náà bá pe Moses, ó ní kó fi sìmẹ́ńtì rẹ́ gbogbo ilé, níta àti nínú, kí ẹnu àwọn ẹlẹ́gàn lè wọhò. Moses rẹ́ ẹ. Ògiri ń dán. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pè é láti Opebi títí dé Ìlúpéjú.

Àfi bó ṣe di ọdún tó kọjá tí ilé náà bẹ̀rẹ̀ sí í wú níkùn. Ògiri sán lọ́tùn-ún, ó sán lósì. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá, wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sí i, wọ́n ní kí wọ́n tún un ṣe láàárín oṣù mẹ́ta, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á wó o. Alhaja Màríàm, ọmọ-ọmọ ilé tó ń gbé ibẹ̀ pẹ̀lú àwọn ayálégbé díẹ̀, sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Nígbà tó nujú tán, ó ké sí gbogbo àdúgbò.

Àdúgbò sì jẹ́ ẹ. Abẹ́ òrùlé yẹn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ké kéú. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn náà ni ìjọ Moses ti ń ṣe ìsìn kí wọ́n tó rí ilẹ̀ rà, tí àwọn onílé Mùsùlùmí á gbé ẹní wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n lè ráyè. Mẹkáníìkì gbé jáàkì wá láti fi gbé òrùlé dúró. Àwọn ọ̀dọ́ mọ́ṣáláṣí wa amọ̀ pupa wá láti ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀. Wọ́n lọ kó ìgbẹ́ màlúù ní Oko-Ọba, níbi tí wọ́n ti ń pa ẹran, nítorí pé òun ni wọ́n máa ń pò mọ́ amọ̀ láyé àtijọ́, ó sì rùn débi pé àwọn ayálégbé ń fi gèlè bo imú jẹun.

Ẹni tó wá darí iṣẹ́ ni Olúwadémiládé, ọmọbìnrin ẹbí náà láti Omole, ayàwòrán ilé tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ó pe gbogbo wọn jọ síwájú ilé, ó sì fẹ̀yìn ti ògiri.

"Ẹ wò ó," ó ní, "amọ̀ máa ń mí. Bí òjò bá rọ̀, á mu omi díẹ̀. Bí oòrùn bá ràn, omi á jáde. Sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi bò ó ni kò jẹ́ kó mí mọ́. Omi ń gba ìsàlẹ̀ wọlé, kò rọ́nà jáde, ó ń jẹ ilé yìí láti inú. Iṣẹ́ ẹni tó rẹ́ ẹ mọ́ o, mi ò parọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yẹn ló ń pa ilé."

Kò mọ̀ pé èjìká òun gan-an ló bo orúkọ ẹni náà. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Moses. Nígbà tí ẹnì kan sọ ọ́ sí Démiládé létí, ọmọ náà wẹ̀yìn wò, ó sì kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò mọ̀."

"Dìde, ọmọ mi," Moses ní. "Kò sẹ́ni tó mọ̀ nígbà yẹn. Èmi gan-an ò mọ̀."

Inú rẹ̀ bàjẹ́, ṣùgbọ́n ìyẹn ṣì kéré. Èyí tó bà á lẹ́rù gan-an ni ohun tí Démiládé sọ tẹ̀ lé e. Ó ní lọ́jọ́ Sátidé, àwọn á ṣí gbogbo yàrá, kí àwọn lè rí bóyá ó ku ògiri kan ṣoṣo tó ṣì le, tó lè gbé òrùlé nígbà tí wọ́n bá ń tún ìyókù ṣe. Bí kò bá sí, kò sí bí àwọn ṣe fẹ́ bá ìjọba jiyàn. Ó ní Bàbá Bíríkìlà ló máa ṣíwájú, torí kò sẹ́ni tó mọ ilé náà tó o.

"Gbogbo yàrá pátá," Alhaja Màríàm ní, ó mi kọ́kọ́rọ́ kan. "Títí kan ti Ìyá Àgbà."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí Moses mọ̀ nípa yàrá yẹn. Òun ni yàrá kejìlá, ní ìsàlẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, yàrá Ìyá Àgbà Hassanat, ìyá Alhaji Sànyà. Nígbà tí Moses gbé sìmẹ́ńtì débẹ̀ ní 1989, ìyá náà fara dí ẹnu ọ̀nà.

"Ìyá ọkọ mi ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ pa ògiri yìí," ó ní. "Ọdọọdún ni mo ń pa á kí ààwẹ̀ tó dé. Má fi nǹkan òyìnbó yẹn bo ọwọ́ mi."

Omijé wà lójú ìyá. Moses fi yàrá náà sílẹ̀. Ìyá àgbà fi ẹní bo gbogbo ògiri kí ọmọ rẹ̀ má baà rí i, nígbà tí ìyá sì kú, wọ́n ti yàrá náà pa, wọ́n sọ ọ́ di ibi ìkẹ́rùsí. Tó bá parí síbẹ̀ ni, kò burú. Ṣùgbọ́n àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta tó yẹ kó lò níbẹ̀ ṣẹ́kù. Moses sọ fún Alhaji pé òun ti rẹ́ yàrá méjìlá pé. Ó gbé àpò mẹ́ta náà lọ sílé ara rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti fi í ṣe alàgbà nínú ìjọ. Olóòótọ́ ni gbogbo Agége ń pè é. Bí ẹnì kan bá fẹ́ kọ́lé tí kò lè dúró tì í, wọ́n á ní kó pe Bàbá Bíríkìlà, bàbá tí kì í mú ìṣó olóhun. Ní Sátidé, wọ́n á ká ẹní kúrò lára ògiri, wọ́n á rí amọ̀, wọ́n á sì mọ̀ pé ó parọ́.

Nígbà tó di ọ̀sán Ẹtì, ó gbé àwo oúnjẹ tì. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Damaris. Damaris gbọ́ ọ tán, ó yíjú wo ògiri yàrá tí wọ́n jókòó sí.

"Bàbá Ìgbẹ́kẹ̀lé, ṣé òun lẹ fi rẹ́ yàrá wa?"

"Òun ni."

"Èyí tí mo fi ń ṣe fáàrí sáwọn obìnrin ìjọ!" Ó pòṣé, ó tún fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ẹ lọ sọ ọ́ fún wọn fúnra yín kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n bá yín lábẹ́ ẹní."

Ní Sátidé, wọ́n yẹ yàrá mọ́kànlá wò. Gbogbo wọn rọ̀ bí ẹ̀kọ. Bí Moses bá ti gbẹ́ sìmẹ́ńtì díẹ̀ kúrò, amọ̀ dúdú á ya lulẹ̀ tomi-tomi. Ojú Alhaja Màríàm ti ń pọ́n. Nígbà tó fẹ́ ki kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn kejìlá, Moses ṣí fìlà.

"Ẹ dúró. Mo jalè nínú ilé yìí."

Alhaja fa ọwọ́ padà lára ilẹ̀kùn. Moses sọ ọ́ látòkè délẹ̀, omijé ìyá, irọ́ tó pa fún Alhaji, àpò mẹ́ta. Fìlà ọwọ́ rẹ̀ ló tẹjú mọ́. Alhaja Màríàm ṣí ilẹ̀kùn, ó wọlé, ó sì fa ẹní àkọ́kọ́ já.

Ògiri pupa kan yọ, ó jọ̀lọ̀, ipa ìka ọwọ́ sì wà lára rẹ̀ látòkè délẹ̀ bí irun tí wọ́n ya. Démiládé gbá a. Ó ki irin tín-ín-rín kan bọ ìdí rẹ̀, ó fà á yọ, ó wò ó.

"Gbígbẹ ni!" ló pariwo. "Bàbá, gbígbẹ ni! Inú ibí ló ti ń mí láti gbogbo ọdún yìí! Ògiri yìí á gbé òrùlé!"

Moses jókòó sórí àpótí Ìyá Àgbà bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀.

"Ìyá Àgbà sọ fún mi kí wọ́n tó kú," Alhaja Màríàm ní, "pé bíríkìlà kan gbọ́rọ̀ àwọn ju ọmọ táwọn bí lọ. Mo rò pé ogbó ló ń sọ̀rọ̀."

"Alhaja, màá ra àpò mẹ́ta náà padà."

"Ta ló ń wá sìmẹ́ńtì nínú ilé yìí? Ẹ jọ̀ọ́, ibi tẹ́ ẹ gbé e lọ, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀!"

Ẹ̀rín ta. Àwọn ọ̀dọ́ mọ́ṣáláṣí rín títí wọ́n fi ń di ògiri mú. Moses náà rín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

Lọ́jọ́ náà gan-an ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bó sìmẹ́ńtì. Alhaja ní kí wọ́n fi ibi tí orúkọ wà sílẹ̀ fún ìrántí. Moses ní rárá o. Ibẹ̀ ló fi ṣísẹ́ẹ̀lì bà kó tó ba ibòmíràn, ó sì lù ú títí MOSES fi bọ́ sílẹ̀, tí BÍRÍKÌLÀ tẹ̀ lé e. Amọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ dúdú, ó tutù, ipa ìka obìnrin sì ṣì hàn lára rẹ̀ fírífírí.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba padà wá, wọ́n wo yàrá kejìlá, wọ́n ní kí iṣẹ́ máa lọ. Lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, Moses tún mú ìyàwó rẹ̀ gba iwájú ilé Àjíṣọlá.

"Orúkọ ò sí níbẹ̀ mọ́," Damaris ní. "Kí la tún ń gba ọ̀nà jíjìn yìí fún?"

Moses tẹ̀ sábẹ́ fèrèsé àkọ́kọ́, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri.

"Ó ti ń gbẹ," ló sọ.